Òjò, Odò àti Kànga ní Abuja àti Àríwá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àyípadà Ojú Ọjọ́

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Abuja, Minna, Kaduna, Jos, Kano, Sokoto àti àyíká wọn la kọ èyí fún. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni òjò ń le, tí ó sì ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Níbí, ẹ̀ẹ̀kan ni. Oṣù kẹjọ tí òjò ń sinmi nílé gan-an ni ó ń le jù níbí. Tí àrọ́kúrò bá ti rọ̀ tán, ohun tó bá kù nínú odò, nínú ìsédò, nínú ilẹ̀ àti nínú táńkì ni gbogbo ìlú máa mu títí àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀.

Ṣé àyípadà ojú ọjọ́ ń gbẹ odò ni, àbí ó ń mú un kún àkúnya?

Méjèèjì ni, lórí odò kan náà, nígbà mìíràn láàárín ọdún kan ṣoṣo. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Celsius 1 gbóná sí i, ọ̀rinrin tó lè gbà sára máa fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ayé sì ti fi ohun tó lé ní ìwọ̀n 1 gbóná ju bó ṣe wà láàárín 1850 sí 1900 lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí ń fa omi kúrò lójú odò, nínú ilẹ̀ àti lára ewé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà òjò, ẹrù tó ti rù ló ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ọ̀wààrà wákàtí méjì ló ń rọ̀, níbi tí òjò wẹliwẹli ọjọ́ mẹ́ta ìbá ti rọ̀.

Ilẹ̀ kì í lè mu ọ̀wààrà tán. Omi á gba ojú ilẹ̀ lọ, odò á kún, á ya bo ilé, á sì gbé omi náà lọ sókun. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló wọlẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó wọlẹ̀ ni odò fi ń ṣàn ní oṣù kejì àti oṣù kẹta. Ẹni tó bá sọ pé òjò ọdún yìí kò kéré sí ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè má purọ́, kí omi sì ṣì wọ́n. Ohun tó yí jù ni àsìkò tí omi ń dé àti bó ṣe ń dé.

Òjò dín díẹ̀, kí ló dé tí odò fi dín púpọ̀?

Àjẹkù ni odò ń jẹ. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mu, igi àti koríko á mu tiwọn, oòrùn á fa tirẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń ṣàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní òjò mìlímítà 1,000 rọ̀ lọ́dún kan, tí ilẹ̀, ewé àti oòrùn gba 800, tí 200 sì dé odò. Lọ́dún tí òjò bá já sí 900, àwọn tó ń kọ́kọ́ mu yìí kò ní fi bẹ́ẹ̀ dín tiwọn kù. Tí wọ́n bá gba 770, 130 ló kù. Òjò fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín, odò fi ìdá 35 dín.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí lójú gbogbo ayé. Láàárín ọdún 1970 sí 1990, òjò tó ń bọ́ Odò Ọya fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún tàbí mẹ́rin dín, àmọ́ omi tó ń ṣàn nínú odò náà sún mọ́ ìdajì tó dín. Ní 1985, díẹ̀ ló kù kí odò náà gbẹ pátápátá ní Niamey.

Ohun kan tún wà tó ń rú àwọn ènìyàn lójú. Ní àwọn odò kéékèèké kan ní orílẹ̀-èdè Niger, omi tó ń ṣàn pọ̀ sí i nígbà tí òjò ń dín kù. Wọ́n ti gé igbó, wọ́n ti ro ilẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi le bí síméǹtì, kò sì sí ohun tó lè dá omi dúró kó lè wọlẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ ń kún odò lọ́jọ́ méjì, ó sì ń gbé ilẹ̀ oko lọ. A kò lè kà á sí èrè.

Ṣé òjò ti dín kù ní Àríwá lóòótọ́?

Ọ̀dá 1972 sí 1973 àti ti 1983 sí 1984 ló burú jù tí àwọn àgbàlagbà Kano, Katsina àti Borno ṣì ń rántí. Láti àwọn ọdún 1990 ni òjò ti ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n kò padà bó ṣe rí. Ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀, èyí tó bá rọ̀ ń le jù, àlàfo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sì lè wà láàárín tí ọ̀gbìn á fi gbẹ. Àkọ́rọ̀ náà ti ń tan àgbẹ̀ jẹ: ó rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù kẹrin, àgbẹ̀ gbin àgbàdo, ojú ọ̀run bá mọ́ kedere fún ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Nígbà tí omíyalé ọdún 2022 ṣẹlẹ̀, àwọn onímọ̀ World Weather Attribution yẹ òjò náà wò. Wọ́n rí i pé ìgbóná ayé ló mú kí irú òjò bẹ́ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ sí òpin àsìkò rẹ̀, ní ẹkùn Adágún Chad rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 80, tó sì mú kó fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ẹkùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ nìyẹn.

Kí ló ń mú Odò Ọya kún nínú ọyẹ́, nígbà tí òjò ti lọ tipẹ́?

Oríṣi omi méjì ló ń wọ Kainji, ìsédò ńlá tó wà lórí Odò Ọya. Omi funfun ló ń kọ́kọ́ dé, láti nǹkan bí oṣù kẹjọ. Òjò Nàìjíríà, Benin àti Niger ni, ẹrẹ̀ tó kó dání ló sì jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní funfun. Omi dúdú ló tẹ̀ lé e. Òjò tó rọ̀ sórí àwọn òkè Guinea ni ti òun. Ó gba Mali kọjá, ó tàn ká inú àbàtà ńlá tó wà níbẹ̀, ó fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, ó sì ń dé Kainji ní mímọ́ láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta.

Iná mànàmáná tí Kainji (mẹ́gáwáàtì 760) àti Jebba (mẹ́gáwáàtì 578) ń pèsè ní àárín ọyẹ́, òjò ilẹ̀ Guinea ló wà nídìí apá kan rẹ̀. Bí òjò bá fà sẹ́yìn lọ́hùn-ún, tàbí tí ooru fa omi sí i nínú àbàtà Mali, ó máa pẹ́ ní oṣù mélòó kan kí àwa tó rí i. Shiroro (mẹ́gáwáàtì 600) kò ní irú àǹfààní omi ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí. Odò Kaduna tó ti orí òkè Jos wá ló ń bọ́ ọ, òjò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló sì ní. Ohun tó bá kó pamọ́ títí di oṣù kẹwàá ló máa ná dé oṣù karùn-ún.

Tí wọ́n bá ti kéde pé Kamẹrúùnù ṣí ìsédò Lagdo, ṣé omíyalé ti dé nìyẹn?

Kò pọn dandan. Lagdo, tí wọ́n kọ́ parí ní 1982, wà lórí Odò Bẹ́núè lókè, nínú ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ṣùgbọ́n àwọn odò ńlá tó ń wọ Bẹ́núè nísàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀: Faro, Gongola, Taraba, Donga, Katsina-Ala. Omi wọn kò gba ẹnu Lagdo kọjá rárá. Tí wọ́n bá ṣí Lagdo ní oṣù kẹjọ tí Bẹ́núè kò tíì kún, odò lè gbé e láìsí wàhálà. Tí wọ́n bá ṣí i ní ìparí oṣù kẹsàn-án, tí àwọn odò yòókù ti kún dé ẹnu, tí Odò Ọya náà sì ga ní Lokoja, ibẹ̀ ni ewu wà. Kì í ṣe ìròyìn pé wọ́n ṣí i nìkan ni kí ẹ máa gbọ́, ẹ béèrè pé báwo ni odò ṣe ga sí ní Makurdi àti Lokoja lọ́sẹ̀ yẹn.

Omíyalé ọdún 2012 pa ènìyàn 363, ó sì lé ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2 kúrò nílé. Ti 2022 pa ju 600 lọ. Wọ́n ti ní ká kọ́ ìsédò kan sí Dasin Hausa ní Adamawa láti máa gba omi Lagdo dúró, ṣùgbọ́n a kò kọ́ ọ parí. Ó dùn wá, torí pé omi kan náà tó ń gbé ilé lọ ní oṣù kẹwàá ni àgbẹ̀ Adamawa ń wá ní oṣù kejì.

Fún ẹni tó ń ti Abuja lọ sílé: ọ̀nà Koton-Karfe sí Lokoja wọ inú omi ní 2012, ó tún wọ inú omi ní 2022. Láti àárín oṣù kẹsàn-án sí ìparí oṣù kẹwàá, ẹ béèrè ipò ọ̀nà kí ẹ tó gbéra, pàápàá tí ó bá jẹ́ òru lẹ fẹ́ rìn.

Ṣé lóòótọ́ ni Adágún Chad ti gbẹ?

Ní àwọn ọdún 1960, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó. Nígbà tó máa fi di àárín àwọn ọdún 1980, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Láti ìgbà náà ó ti padà díẹ̀, ó ń fẹ̀ sí i lọ́dún òjò, ó ń sún kì lọ́dún ọ̀dá, nítorí kò jìn. Odò Chari àti Logone, tí omi wọn ń wá láti gúúsù, ló ń kó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá omi wọ inú rẹ̀. Odò Yobe tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ kéré sí èyí púpọ̀.

Lápá ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Ìsédò Tiga (1974) àti Challawa Gorge (1992) ń gba omi dúró fún ìlú Kano àti oko ìbomirin. Láyé àtijọ́, odò á kún lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, á bo àbàtà Hadejia-Nguru, á sì padà, ilẹ̀ á gbẹ fún gbíngbìn. Ní báyìí, omi díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣàn lọ láìdáwọ́ dúró, ìyẹn sì ni koríko kachalla nífẹ̀ẹ́. Ó dí ojú odò, omi bá yà sí oko ẹlòmíràn, ìsàlẹ̀ odò sì gbẹ. Bí ẹnìkan bá di ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ ru ojú ọjọ́, kò rí ìdajì ọ̀rọ̀.

Odò wo ni omi ẹ̀rọ Abuja ti ń wá?

Odò Usuma ni. Ìsédò Lower Usuma wà nítòsí Ushafa, ní apá Bwari. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1984, ó ń gba nǹkan bí mílíọ̀nù 100 kúbíìkì mítà (lítà 1,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan). Nígbà tí ìlú fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n so ó mọ́ ìsédò Gurara ní Ìpínlẹ̀ Kaduna, tó ń gba nǹkan bí mílíọ̀nù 880, pẹ̀lú páìpù ńlá tó gùn tó kìlómítà 75. Ìpamọ́ ńlá ni, ó sì ń gba ìlú là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Pé ẹ̀rọ dá omi dúró nílé yín kò túmọ̀ sí pé ìsédò gbẹ. Páìpù lè bẹ́, iná lè má sí. Ìdí kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ tún wà: lẹ́yìn ọ̀wààrà ńlá, omi tó ń wọ ilé ìsọdimímọ́ máa ń kún fún ẹrẹ̀. Álọ́ọ̀mù púpọ̀ sí i ni wọ́n máa lò kí ẹrẹ̀ náà tó rọ̀ sílẹ̀, asẹ́ ń tètè dí, ìwọ̀n tí wọ́n lè sọ di mímọ́ lójúmọ́ á sì dín kù. Omi lè pọ̀ lójú odò kó wọ́n nínú ẹ̀rọ.

Ìsédò ti kún ní oṣù kẹwàá. Kí ló ń jẹ omi inú rẹ̀ kó tó di oṣù kẹrin?

Oòrùn ń mu nínú rẹ̀. Ká ní ojú omi adágún kan fẹ̀ tó kìlómítà 8 níbùú lóròó, tí oòrùn àti ọyẹ́ sì ń fa mìlímítà 6 lójúmọ́: kúbíìkì mítà 48,000 nìyẹn, lítà mílíọ̀nù 48. Tí ènìyàn kọ̀ọ̀kan bá ń lo lítà 50, omi ènìyàn 960,000 ni oòrùn ń mu lójúmọ́. Lápá Kano àti Sokoto, ojú omi gbalasa lè pàdánù tó mítà 2 láàárín ọdún kan. Ọyẹ́ tutù lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó sì ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń fa omi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹrẹ̀ ni ìkejì. Ọ̀wààrà tó ń fọ ilẹ̀ oko tí a ti gé igi rẹ̀ ń kó yanrìn wọ ìsàlẹ̀ ìsédò, ààyè omi ń dín lọ́dọọdún. Ìsédò tó ti darúgbó ń fẹ́ àbójútó, nítorí òjò tí wọ́n fi ṣírò ẹnu-ọ̀nà omi rẹ̀ láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn kì í ṣe irú òjò tó ń rọ̀ báyìí mọ́. Ìsédò Alau, lórí odò Ngadda, ya ní oṣù kẹsàn-án 2024, omi sì bo apá ńlá Maiduguri.

Bọ́ọ̀hóòlù wa ń fa afẹ́fẹ́ láti oṣù kẹta. Ṣé omi ti tán nísàlẹ̀ ni?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì tán. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí Abuja jókòó lé. Òkúta líle ló wà nísàlẹ̀. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bò ó lórí àti inú àwọn ojú sísán òkúta náà nìkan ni omi wà. Kò dà bí ilẹ̀ oníyanrìn Sokoto tàbí Borno tí omi tàn ká lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀hóòlù yín fi lè ní omi kí ti ìyá tó múlé tì yín má ní.

Ẹ ṣe ìdánwò yìí. Ẹ pa pọ́ǹpù fún wákàtí 8 lóru. Láàárọ̀, ẹ tàn án, kí ẹ fi kẹ́ẹ̀gì lítà 20 gba omi, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú àáyá. Tí ó bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 20, lítà 3,600 ni pọ́ǹpù ń gbé ní wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ, kí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ká wá ní ilẹ̀ yín kò lè fúnni ju lítà 1,500 lọ ní wákàtí kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Páìpù ínṣì 5 tó wà nínú kànga ń gba nǹkan bí lítà 12 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Tí omi tó ga tó mítà 30 bá wà lórí pọ́ǹpù, lítà 360 lásán ni ìpamọ́ yín. Pọ́ǹpù ń fa 3,600, ilẹ̀ ń dá 1,500 padà, 2,100 ni gbèsè wákàtí kọ̀ọ̀kan. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ìpamọ́ ti tán, pọ́ǹpù bá ń fa afẹ́fẹ́. Omi wà nísàlẹ̀. Pọ́ǹpù ló ń sáré ju ilẹ̀ lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ní kẹ́ ẹ gbẹ́ kànga tuntun. Ẹ fi fáàfù sí ẹnu páìpù, kí ẹ rọra tì í títí omi tó ń jáde á fi jẹ́ bí lítà 1,200 ní wákàtí kan, ìyẹn ni kí kẹ́ẹ̀gì lítà 20 kún ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kó gba wákàtí mélòó kan láti kún táńkì. Tí pọ́ǹpù bá tó pààrọ̀, ẹ ra èyí tó kéré sí i. Ẹ má tàn án kí ẹ pa á ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìbẹ̀rẹ̀ ṣíṣiṣẹ́ ló ń ba mọ́tò jẹ́ jù. Omi tó yí mọ́tò inú kànga ká ló ń tù ú. Tó bá ṣiṣẹ́ nínú gbígbẹ, á jóná. Ẹ ní kí oníná so ohun tó máa ń pa á fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí owó pọ́ǹpù.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ sọ pọ́ǹpù kalẹ̀ dé ìdí kànga. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Yanrìn wà nídìí, á wọ inú rẹ̀, á jẹ ẹ́. Ẹ fi àlàfo tó tó mítà mẹ́ta sílẹ̀.

Tí ìdánwò bá fi hàn pé omi inú kànga ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ máa wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù: ẹ pa iná pọ́ǹpù láti orí bọ́ọ̀dù, ẹ sọ okùn tó ní òkúta mímọ́ lẹ́nu kalẹ̀, ẹ wo ibi tó ti tutù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù. Òjò àkọ́kọ́ kì í gbé e sókè, ilẹ̀ gbígbẹ lókè ló ń mu ún. Ìwọ̀n ọdún méjì ló máa fi hàn yín bóyá omi náà ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún lóòótọ́ tàbí ó kàn ń lọ ń bọ̀ ni.

Ìgbà wo ló dára láti gbẹ́ kànga tuntun?

Oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Kànga tó bá ní omi nígbà náà á ní i yí ọdún po. Èyí tí wọ́n gbẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ń fi omi òjò tanni jẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò. Ní Abuja, ẹni tó bá gbẹ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ béèrè pé kí wọ́n fa omi rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó san owó tó kù. Ó kéré tán, mítà 30 ló yẹ kó wà láàárín kànga àti ṣalángá tàbí sọ́kàwé, ti yín àti ti aládùúgbò.

Báwo ni a ṣe lè gba omi òjò, mélòó ló sì máa jẹ́?

Mìlímítà 1 òjò lórí òrùlé mítà 1 níbùú lóròó, lítà 1 ni. Ẹ fi 0.8 sọ ọ́ di púpọ̀, torí díẹ̀ ń ta sílẹ̀. Òrùlé páànù tó tó mítà 100 níbùú lóròó, pẹ̀lú òjò mìlímítà 30 kan ṣoṣo: lítà 2,400. Táńkì lítà 2,000 ti kún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Nínú ọdún tí mìlímítà 1,400 bá rọ̀ ní Abuja, lítà 112,000 ni.

Ẹ jẹ́ kí òjò méjì àkọ́kọ́ fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Lẹ́yìn náà, lítà 100 àkọ́kọ́ nínú òjò kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ wọ táńkì. Àwọn kan ń fi páìpù ínṣì 4 tó dúró ṣánṣán ṣe èyí, àmọ́ lítà 8 péré ni mítà rẹ̀ kan ń gbà, kò lè tó. Dúrọ́ọ̀mù ògbólógbòó kan ló dára: gọ́tà á kọ́kọ́ dà sínú rẹ̀, tó bá kún, omi á yí gba páìpù òkè lọ sínú táńkì. Ẹ fi ẹ̀rọ ìtú omi tín-ín-rín sí ìdí dúrọ́ọ̀mù náà kó máa gbẹ ara rẹ̀ kí òjò mìíràn tó dé. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ẹnu táńkì nítorí ẹ̀fọn.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé: táńkì kò lè gbé gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ènìyàn mẹ́fà tó ń lo lítà 50 lójúmọ́ máa nílò 45,000 fún ọjọ́ 150. Ṣùgbọ́n omi mímu àti omi ìdáná nìkan, lítà 7 fún ẹnìkan, jẹ́ 6,300. Táńkì 5,000 kan àti 2,000 kan lè gbé ìyẹn. Ẹ pa omi òjò mọ́ fún ẹnu, kí ẹ lo ti mai ruwa (ẹni tó ń ta omi kiri) fún aṣọ àti ilé ìwẹ̀.

Omi tí mai ruwa ń tà, ṣé a lè mu ún?

Kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ ibi tó ti pọn ọ́n. Ẹ sè é títí á fi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan, tàbí kẹ́ ẹ lo bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn: tí àmì ara rẹ̀ bá kà pé ìdá 5 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kán 2 fún lítà kọ̀ọ̀kan omi tó mọ́ kedere, mìlílítà 2 fún kẹ́ẹ̀gì lítà 20. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Tí omi bá rú, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì ṣe é ní ìlọ́po méjì. Bílíìṣì tó ti pẹ́ nínú oòrùn ṣọ́ọ̀bù ti dín agbára, ẹ wo ọjọ́ rẹ̀.

Omíyalé wọ inú kànga wa. Kí la máa ṣe?

Ẹ má mu ún, ẹ má sì fi fọ ẹnu. Ẹ fa omi inú rẹ̀ jáde títí á fi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lo ìyẹ̀fun kílórínì HTH tó jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún: gíráàmù 150 fún gbogbo lítà 1,000 omi tó wà nínú kànga. Omi inú báàkẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ da ìyẹ̀fun náà sí, ẹ má da omi lé ìyẹ̀fun. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kó má kan ojú. Ẹ dà á sínú kànga, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé títí òórùn rẹ̀ á fi jáde, kẹ́ ẹ pa wọ́n, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 12 sí 24. Kẹ́ ẹ wá fa á sórí ilẹ̀ lásán, kì í ṣe sínú odò tàbí sọ́kàwé, títí òórùn á fi tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ omi náà wò kẹ́ ẹ tó padà sí mímu.

Àwa tó ń dá oko àkùrọ̀ ńkọ́?

Ohun tí Hausa ń pè ní fadama náà ni àkùrọ̀. Ẹ̀fọ́, tòmátì àti àlùbọ́sà ń fẹ́ nǹkan bí mìlímítà 5 lójúmọ́ nínú ooru, èyí tó jẹ́ lítà 50,000 fún hẹ́kítà kan. Tí odò bá ń tètè fà sẹ́yìn, ẹ dín ìwọ̀n ilẹ̀ tí ẹ gbìn kù ní oṣù kọkànlá, kí ẹ má dúró di ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá rọ ní oṣù kejì. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ọ̀gbìn, ẹ bomi rin ín ní ìdájí tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Tí ẹ bá ń fi pọ́ǹpù fa omi láti inú kànga ẹ̀bá odò, ẹ mọ̀ pé omi odò náà lẹ̀ ń fa lábẹ́ ilẹ̀; tí oko ogún bá ṣe bẹ́ẹ̀ lójú kan, àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò ní rí omi. Ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí kálukú máa fà.

Ìkìlọ̀ wo ló yẹ ká máa tẹ̀ lé?

Méjì ló ṣe kókó. NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdọọdún jáde, tó ní ọjọ́ tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa tán ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ti gbíngbìn àti kànga nìyẹn. NIHSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí omi odò àti omi abẹ́ ilẹ̀, ń gbé ti omíyalé jáde, tó dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú ewu àti oṣù rẹ̀. Ẹ wá orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ yín gan-an, ẹ má dúró lórí orúkọ ìpínlẹ̀. Gwagwalada, fún àpẹẹrẹ, wà létí Odò Usuma, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Maitama.

Kẹ́ ẹ tó san owó ilẹ̀ tàbí owó ilé, ẹ lọ wò ó ní oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tó yí i ká bóyá ilà ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ bi àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ pé ibo ni omi ń gbà tẹ́lẹ̀. Ipadò tó gbẹ ní oṣù kìíní, ọ̀nà odò ni síbẹ̀. Tí omi bá ti ń ṣàn lójú títì, ẹ má wọ̀ ọ́: èyí tó dé kókósẹ̀ tó sì ń sáré lè gbé ẹsẹ̀ àgbàlagbà, èyí tó dé ìdajì ojúgun lè gbé ọkọ̀ kékeré. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.